Ta Ló Ń Pa Ẹ́ńjìnnì Mọ́ Bàbá Mùlíkátù Lọ́wọ́?

Kò sí ẹni tó mọ Bàbá Mùlíkátù dáadáa ní Lásùnwọ̀n, ní Ìkòròdú, tí kò mọ̀ pé ọkùnrin náà kì í tètè gba ènìyàn gbọ́. Bó bá ra búrẹ́dì, á yí i padà wo ìdí rẹ̀. Bí ẹni tó ń ta gáàsì bá gbé sílíńdà dé, á kọ́kọ́ gbé e sókè, á mì í, á tún gbé e sókè lẹ́ẹ̀kejì kó tó jẹ́ kí wọ́n gbé e wọlé. Mùsílímátù, ìyàwó rẹ̀, a máa fi ṣe àwàdà pé lọ́jọ́ tí àwọn kọ́kọ́ pàdé ní Ìsẹ́yìn, ọkùnrin náà kò béèrè orúkọ òun. Ohun tó béèrè ni pé ta ló rán òun wá.

Iṣẹ́ awakọ̀ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Tìrìmísíyù Adélàjà ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ awakọ̀ kan n'Íbàdàn tó ń fi ọkọ̀ àtijọ́ kan kó iṣu. Ọkọ̀ náà ti gbó kọjá sísọ. Bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ti kú, kò sí kọ́kọ́rọ́ tó lè jí i. Títì ni wọ́n ń tì í. Nítorí náà, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń jẹ́ kó máa kùn, wọn ì báà máa jẹun, wọn ì báà máa já ẹrù. Lọ́jọ́ kan, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lẹ́yìn Mọ́níyà, ẹ́ńjìnnì kú mọ́ ọ̀gá lọ́wọ́. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sẹ́yìn. Ẹni tí òun àti Tìrìmísíyù jọ ń kọ́ṣẹ́ bẹ́ sílẹ̀ láti fi igi há a ní táyà, ọkọ̀ sì tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí ẹni tó ni ọkọ̀ dé, ọ̀gá ní Tìrìmísíyù ló fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Kò fọwọ́ kan án. Ó sọ bẹ́ẹ̀, ó búra, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Wọ́n lé e lọ lọ́jọ́ náà.

Ohun méjì ló gbé kúrò níbẹ̀. Èkínní ni pé awakọ̀ tó bá gbọ́n kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kú lójú ọ̀nà. Èkejì ni pé bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ẹnì kan ló pa á, wọn yóò sì wá ẹlòmíràn tí wọn yóò di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

Ó pẹ́ kó tó dé Ìkòròdú. Nígbà tó dé, ó wa ọkọ̀ fún oríṣiríṣi ènìyàn kó tó bọ́ sọ́wọ́ Àlàájà Wàsílátù, obìnrin kan tó ń ta oúnjẹ ẹja n'Ígbògbò. Àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ káàkiri agbègbè náà ló ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ẹ̀pẹ́ ni ọjà rẹ̀ ti ń yá jù. Iṣẹ́ Bàbá Mùlíkátù ni láti kó àpò oúnjẹ ẹja láti Ìgbògbò, kó gba Ìmọ̀tà àti Ìtòkín dé Ẹ̀pẹ́, kó sì kó ẹja àrọ̀ ààyè bọ̀ nínú dírọ́ọ̀mù omi fún àwọn oníbàárà Àlàájà ní Ìkòròdú. Ọkọ̀ akẹ́rù tó fi ń ṣe é nígbà náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀gá rẹ̀ ijọ́un. Ó ń pariwo, ó ń rú èéfín, kò sì sí ohun tó ń ṣe tí Bàbá Mùlíkátù kò mọ ìdí rẹ̀.

Ìgbà tí ọkọ̀ náà kò ṣe é tún ṣe mọ́ ni Àlàájà ra òmíràn. Tòkunbọ̀ ni, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ṣì ń dán, ó funfun báláú, iwájú awakọ̀ sì kún fún bọ́tìnnì bí ẹni pé ó fẹ́ fò lọ sókè. Awakọ̀ Àlàájà kejì, Akínlolú, ló lọ gbé e wá. Ọmọ Ìlàjẹ ni Akínlolú, láti etí òkun ìpínlẹ̀ Oǹdó. Òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ ń gbé ní abúlé àwọn apẹja kan létí ọ̀sà nítòsí Ẹ̀pẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Àwọn méjèèjì ni yóò máa wa ọkọ̀ tuntun náà. Bí ẹnì kan bá wà á lónìí, ẹnì kejì yóò wà á lọ́la.

Lọ́jọ́ tó fẹ́ fà á lé e lọ́wọ́, Akínlolú jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó nawọ́ sí ibi àwọn bọ́tìnnì. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn yín nípa ọkọ̀ yìí."

Bàbá Mùlíkátù gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dá a lóhùn pé kí wọ́n tó bí i lòun ti ń wa ọkọ̀, àti pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ òun ní mọ́tò, kó kọ́kọ́ lọ hu irùngbọ̀n. Akínlolú sọ̀ kalẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn jẹ́ẹ́jẹ́.

Bàbá Mùlíkátù kò tíì jìnnà tí ọ̀rọ̀ fi bẹ́yìn yọ. Àwọn kẹ̀kẹ́ Márúwá dí oríta pa n'Ígbògbò, ó tẹ bíréèkì, ó dúró. Bó ṣe dúró ni ẹ́ńjìnnì kú. Kò húkọ́, kò gbọ̀n, ó kàn dákẹ́ ni, bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ bò lẹ́nu. Bàbá Mùlíkátù wo ẹ̀yìn nínú díńgí, ó ń wá ibi tí ọkọ̀ lè yí lọ. Epo wà nínú ọkọ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà níbi tó fi sí. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì kó lè ronú ohun tí yóò ṣe, ni ẹ́ńjìnnì bá jí fúnra rẹ̀, ó ń kùn bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Ó tún kú níwájú ọjà Ìmọ̀tà. Ó tún jí. Ó kú níbi tí àwọn ọlọ́pàá ti dá a dúró, ó sì jí kó tó rí àlàyé kankan ṣe fún wọn. Nígbà tó fi máa dé Ẹ̀pẹ́, aṣọ rẹ̀ ti rin fún òógùn, ó sì ti dá a lójú pé ẹnì kan wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ọkọ̀ tó bàjẹ́, bó bá kú, kì í jí. Ọkọ̀ tó bá ń kú tó sì ń jí, ẹni tó ń pa á ló ń jí i.

Bó ṣe ń dúró ti àwọn alábàárù tó ń já àpò sílẹ̀ ni Àlàájà pè é lórí fóònù. Ó kí i kú ìrìn, ó wá ní òun rí i pé ó pẹ́ díẹ̀ n'Ímọ̀tà. Bàbá Mùlíkátù kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun dúró n'Ímọ̀tà. Ó bi í bó ṣe rí i. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó ta ọkọ̀ fún òun ti so ó mọ́ fóònù òun. Ibi yòówù kí ọkọ̀ wà, òun ń wò ó.

Ìyẹn ti tó fún un. Bí ojú Àlàájà bá lè dé inú ọkọ̀ láti Ìgbògbò, kí ni kò ní jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ dé ibẹ̀?

Láti ọjọ́ náà, bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, Àlàájà ló ń rí lọ́kàn, tó jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù, tó ń fi àtàǹpàkò tẹ fóònù. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń dúró ra àgbàdo sísun n'Ítòkín. Ó pa á tì. Ó máa ń gbé ìyá àgbà kan tó ń ta ewé ẹ̀kọ dé Ìmọ̀tà lọ́fẹ̀ẹ́. Ní báyìí, ó ń wo ọ̀ọ́kán, ó ń sáré kọjá lára rẹ̀. Ó tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, á sọ ọ́ sókè, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, pé, "Àlàájà, ọ̀nà ló dí o. Mi ò yà síbì kankan." Bó bá jí, á dúpẹ́.

Mùsílímátù gbọ́ ọ̀rọ̀ náà títí, ó wá bi í pé èrè wo ni Àlàájà máa jẹ nínú kó gba ènìyàn síṣẹ́, kó sì máa dí i lọ́wọ́. Ọkọ rẹ̀ ní ohun tí òun kò tíì rí ìdí rẹ̀ nìyẹn, ìyẹn gan-an ló sì ń já òun láyà. Ní ọjà ẹja Ẹ̀pẹ́, awakọ̀ kan ṣàlàyé fún un pé báyìí ni àwọn òyìnbó ṣe ń ṣe ọkọ̀ wọn, pé ó ń pa ara rẹ̀ nígbà tó bá dúró kó má baà máa jẹ epo lásán, kó má sì máa tú èéfín sáfẹ́fẹ́. Bàbá Mùlíkátù bi í pé epo ta ni òyìnbó náà ń ṣọ́ láti ìlú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Awakọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni èrò rẹ̀ yí padà. Ó ń kọjá láàárín Ìkòròdú lákòókò ìrun, ó sì mọ̀ pé Àlàájà kì í mú fóònù wọ mọ́ṣáláṣí. Ó dúró ní oríta. Ẹ́ńjìnnì kú. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn lèmọ́mù láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì ń ro ó. Bí kì í bá ṣe Àlàájà, ta ló tún kù? Ta ló kọ́kọ́ wa ọkọ̀ yìí? Ta ló ń nawọ́ síwá sẹ́yìn láàárín bọ́tìnnì lọ́jọ́ kìíní?

Ó lọ bá àwọn alábàárù n'Ígbògbò, ó fi ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, ó bi wọ́n bóyá ọkọ̀ náà máa ń kú bó bá wà lọ́wọ́ Akínlolú. Wọ́n ní àwọn kò rí i kó kú rí. Lọ́jọ́ kejì, ó fara pamọ́ sẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí, ó ń wo Akínlolú bó ṣe ń dúró lẹ́nu géètì kí wọ́n ṣí i fún un. Ó dúró pẹ́. Ẹ́ńjìnnì ń kùn, kò kú. Bàbá Mùlíkátù mi orí. Ọmọ náà ti fi nǹkan sí ọkọ̀, kí wọ́n lè sọ pé ojú àgbàlagbà ò ríran mọ́, kí gbogbo iṣẹ́ lè di tirẹ̀ nìkan.

Ẹnì kan ṣoṣo ló wà ní Ìkòròdú tó lè fọkàn tán. Mujeeb ni, rìwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe n'Ígbògbò. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Mujeeb. Bàbá Mùlíkátù mọ agboolé wọn, ó mọ bàbá rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ó sọ fún Àlàájà pé òun fẹ́ lọ fẹ́ táyà, ó sì wa ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Mujeeb. Ó ro ẹjọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mujeeb gbọ́ ọ dé ìparí, kò sì rẹ́rìn-ín bí awakọ̀ ọjà Ẹ̀pẹ́ yẹn. Ó ní òun mọ ohun tó ń pa ọkọ̀ náà, òun yóò yọ ọ́, kí ẹ̀gbọ́n òun fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kó lọ kírun, kó padà wá. Ọkùnrin tí kì í fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni fi í sílẹ̀ fún Mujeeb, ó sì lọ kírun pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Nígbà tó padà dé, Mujeeb ti ń nu ọwọ́. Ó ní ó ti tán. Lóòótọ́ ni, ọkọ̀ kò kú ní oríta Ìgbògbò. Kò kú lọ́jọ́ tó tún kàn án láti wà á, kò kú lọ́jọ́ tó kàn án lẹ́yìn ìyẹn. Bàbá Mùlíkátù bẹ̀rẹ̀ sí í ra àgbàdo sísun. Ohun kan ṣoṣo tó ṣàkíyèsí ni pé bó bá ń ṣíná sí i láàárọ̀, ọkọ̀ náà máa ń lọ́ra díẹ̀, bí ẹni tí oorun kò tíì dá lójú rẹ̀. Kò kà á sí. Akínlolú ló ka ìyẹn sí, ó tilẹ̀ sọ ọ́ lẹ́nu géètì pé ó dà bí ẹni pé agbára bátìrì ń tán. Bàbá Mùlíkátù wò ó látòkè délẹ̀, ó ní kó lọ máa tọ́jú tirẹ̀.

Ọ̀sán gangan ọjọ́ kan ni nǹkan bàjẹ́. Ó ń bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́, ẹja àrọ̀ ààyè kún dírọ́ọ̀mù lẹ́yìn rẹ̀. Nítòsí afárá Ìtòkín, wọ́n ń tún ojú ọ̀nà ṣe, ọkọ̀ sì ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tẹ bíréèkì, ó dúró. Ẹ́ńjìnnì dákẹ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń dákẹ́ kó tó lọ sọ́dọ̀ Mujeeb. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè. Ọkọ̀ mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò jí. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Kẹ́, kẹ́, kẹ́ ló ń gbọ́. Ó tún yí i. Kò gbọ́ ohunkóhun mọ́.

Àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ojú ọ̀nà àti àwọn èrò inú bọ́ọ̀sì kan ló bọ́ sílẹ̀, tí wọ́n bá a ti ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, bí wọ́n ṣe ń tì í n'Íbàdàn láyé ijọ́un. Oòrùn ń ràn bí iná. Ó ṣí dírọ́ọ̀mù kan, ó rí àwọn ẹja tí wọ́n ń yọ ẹnu sókè lórí omi, tí wọ́n ń wá afẹ́fẹ́. Omi náà ti gbóná. Ó pe Àlàájà.

Ó ní, "Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣíná sí ọkọ̀ yìí. Ẹja ń kú lọ."

Àlàájà ní, "Èmi? Kí n ṣíná sí ọkọ̀ tó wà n'Ítòkín?"

"Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, ẹ sọ fún Akínlolú kó ṣe é. Ẹni tó pa á ló lè jí i."

"Bàbá Mùlíkátù, ṣé ara yín yá?"

Àlàájà ní kó dúró síbi ìbòòji, òun ń rán Akínlolú bọ̀.

Akínlolú dé lórí ọ̀kadà láti Ẹ̀pẹ́, wáyà gígùn kan wà lọ́rùn rẹ̀. Kò kọ́kọ́ lọ sídìí ẹ́ńjìnnì. Ó gun ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ṣa àwọn ẹja tó ti kú jáde, ó bẹ àwọn obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà pé kí wọ́n bá òun pọn omi kànga wá, ó sì ń dà á sínú dírọ́ọ̀mù títí ara àwọn tó kù fi balẹ̀. Ọmọ apẹja ni, ọwọ́ rẹ̀ sì yá sí i. Lẹ́yìn náà ló dá ọkọ̀ tó ń kó yanrìn dúró, pé kó jẹ́ kí àwọn fa iná díẹ̀ láti inú bátìrì rẹ̀. Ó ṣí ìdérí ibi tí bátìrì tiwọn wà. Ó dúró síbẹ̀ láìmira.

Ó ní, "Bàbá, bátìrì tí ọkọ̀ yìí gbé wá láti òkè òkun kọ́ nìyí."

Ó wá ṣàlàyé pé ọkọ̀ tó bá ń kú tó ń jí ní ìgbà gbogbo bí èyí, bátìrì tó lágbára, tí wọ́n ṣe fún irú rẹ̀, ni wọ́n ń lò fún un. Èyí tó wà níbẹ̀ jẹ́ ògbólógbòó bátìrì lásán tí wọ́n nu dán. Nígbà tí bátìrì kò bá ní agbára, ọkọ̀ náà á mọ̀, kò ní pa ara rẹ̀ rárá. Bó bá wá rìn jìnnà tí bátìrì gba agbára díẹ̀, á pa ara rẹ̀, kò sì ní lè jí.

Bàbá Mùlíkátù na ìka sí i lójú. "Ìwọ ni. Lọ́jọ́ tìrẹ, kì í kú. Ọjọ́ tèmi ló ń kú. Ìwọ lo gbé bátìrì rẹ̀ tà, tí o fẹ́ kí wọ́n sọ pé èmi ni."

Àwọn obìnrin tó pọn omi gbé kèrègbè wọn sílẹ̀, wọ́n ń wò wọ́n. Awakọ̀ oníyanrìn náà ń wò wọ́n. Akínlolú so wáyà náà, ó wọ inú ọkọ̀, ó ṣíná sí i, ẹ́ńjìnnì sì jí. Ó wá pe Bàbá Mùlíkátù wọlé, ó ti ilẹ̀kùn kí àwọn ará ìta má baà gbọ́. Ó fi ìka kan bọ́tìnnì kékeré kan tí wọ́n ya lẹ́tà A sí, tí ọfà yí i ká.

"Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín lọ́jọ́ náà nìyí," ló wí. "Bí mo bá ti ṣíná láàárọ̀, mo máa ń tẹ̀ ẹ́. Kì í kú mọ́ títí n ó fi pa á fúnra mi. Bí mo bá sì tún ṣíná, n ó tún tẹ̀ ẹ́." Ó wá bi í pé, "Bàbá, yàtọ̀ sí èmi àti ẹ̀yin, ta ló tún ti fọwọ́ kan ibi tí bátìrì wà?"

Bàbá Mùlíkátù wo iwájú. Ó mọ ẹni náà. Láti ìgbà tí Akínlolú ti ṣí ìdérí yẹn ló ti mọ̀ ọ́n, ohun tó jẹ́ kó yára pariwo gan-an nìyẹn. Akínlolú ló wa ọkọ̀ náà dé Ìgbògbò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù Mujeeb. Iná mànàmáná kò sí ní gbogbo àdúgbò, ṣùgbọ́n fáànù ń yí nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Mujeeb dọ̀bálẹ̀ kí i, ó fa àga fún un sí iwájú fáànù, kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ sí i. Ó jókòó. Ó fi ojú tẹ̀ lé wáyà fáànù náà wálẹ̀, dé abẹ́ tábìlì, dé ara bátìrì ńlá kan tí wọ́n kọ lẹ́tà ìlú òyìnbó sí.

Ó bi í pé, "Mujeeb, níbo lo ti rí bátìrì yẹn?"

Mujeeb wò ó, bí ẹni tí kò rí i rí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí n yọ ohun tó ń pa ọkọ̀ yín kúrò. Mo yọ ọ́."

"O fi ògbólógbòó rọ́pò rẹ̀."

"Ẹ ò béèrè ohun tí mo fi rọ́pò rẹ̀. Ọkọ̀ kò sì kú mọ́." Mujeeb rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ sọ fún Àlàájà, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ ó kọ́kọ́ sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá síbí láìgbàṣẹ. Tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa bá Akínlolú wí. Ẹ ti pe ọ̀kan nínú àwa méjèèjì lólè lónìí, mo ti gbọ́. Èmi kọ́ lẹ pè."

Afẹ́fẹ́ fáànù ń fẹ́ sí Bàbá Mùlíkátù lójú. Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mọ́níyà, àti ọ̀gá rẹ̀ tó na ìka sí ọ̀dọ́kùnrin tí kò fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Ní gbogbo ọdún tó ti kọjá, kò rò ó rí bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nínú ọ̀gá náà lọ́jọ́ yẹn. Ó rò ó báyìí. Ó rí i pé kò le rárá láti di ẹ̀bi ru ẹlòmíràn. Ẹnu lásán ni, ó sì ti ṣe ìdajì rẹ̀ n'Ítòkín.

Ó dìde, ó tú wáyà náà. Fáànù dúró. Ó gbé bátìrì náà mọ́ra, ó wúwo bí ọmọ tó ti sùn, ó dá kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró, ó ní kó gbé òun lọ sílé Àlàájà. Mujeeb kò dí i lọ́wọ́.

Àlàájà ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán ni, tẹ̀sùbáà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Mùlíkátù gbé bátìrì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pa mọ́: irọ́ tó pa nípa táyà, kọ́kọ́rọ́ tó fi sílẹ̀, ohun tó sọ sí Akínlolú lójú ọ̀nà. Àlàájà gbọ́ ọ. Nígbà tó dákẹ́, ohun tí obìnrin náà kọ́kọ́ bi í kì í ṣe nípa bátìrì.

"Láti ìgbà wo lẹ ti ń rò pé èmi ni mò ń pa ọkọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́?"

"Láti ọjọ́ kìíní, Àlàájà."

"Torí ẹja ni mo ṣe ń wo ibi tẹ́ ẹ wà. Àwọn oníbàárà máa ń bi mí pé ẹ ti dé ibo." Ó ka tẹ̀sùbáà díẹ̀. "Ká ní mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn ni, ẹ ò ní wa ọkọ̀ mi mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbé e wá. Ẹ lọ bá Akínlolú."

Ó lọ bá a lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, níwájú ilé ìkẹ́rùsí, lójú gbogbo àwọn alábàárù, nítorí pé ìta gbangba ló ti bú u. Ó bọ́ fìlà. Ó ní òun ṣi ọ̀rọ̀ sọ sí i, pé òun ni òun gbé ọkọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti pààrọ̀ bátìrì, kó má bínú. Akínlolú tètè di ọwọ́ rẹ̀ mú kó má baà tẹrí ba. "Ó ti tán, Bàbá," ló wí.

Ó rọrùn láti sọ pé ó ti tán. Bàbá Mùlíkátù fúnra rẹ̀, nígbà tó tún máa wa ọkọ̀ náà, gbàgbé láti tẹ bọ́tìnnì. Ẹ́ńjìnnì kú ní oríta Ìgbògbò, kó sì tó rántí, ọkàn rẹ̀ ti sáré lọ sọ́dọ̀ Akínlolú, ó ti ń wá ohun tí ọmọ náà tún ṣe. Ojú tì í, òun nìkan nínú ọkọ̀. Ní báyìí, ó máa ń tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, lẹ́yìn bísímílà. Àwọn ọjọ́ mìíràn, bí ẹrù kò bá sí lẹ́yìn, kì í tẹ̀ ẹ́. Á jẹ́ kó kú ní oríta, á di bíréèkì mú, á máa tẹ́tí sí ìdákẹ́jẹ́ náà pẹ̀lú àyà tó ń lù kìkì, títí yóò fi jí. Mùsílímátù bi í ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ń wò ó ni.

Akínlolú ṣì ń kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ìtòkín, bí àwọn méjèèjì bá fẹ́ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ara wọn, á kọ́kọ́ ṣí ìdérí ibi tí bátìrì wà, á fi fóònù ya àwòrán rẹ̀, kó tó fúnni ní kọ́kọ́rọ́ tàbí kó tó gbà á. Kò ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó ṣe é, Bàbá Mùlíkátù fẹ́ bi í bóyá olè ló fi òun pè. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n rẹ̀, ó sì gbé e mì.

Ó ti mọ́ ọn lára báyìí. Bó bá ti rí Akínlolú tó ń wọ géètì bọ̀, á bọ́ sílẹ̀, á ṣí ìdérí náà fúnra rẹ̀, á sì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí òjìji òun má baà bo ibi tí ọmọ náà fẹ́ yà.